Ọwọ́ Òsì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ Agolo

Ẹni tó bá ń retí kí n ròyìn ọkọ̀ òfurufú, kó má wulẹ̀ jókòó. Mo wọlé, mo sùn, mo jí, wọ́n ní a ti dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ará ilé, nítorí àwọn tó ń dá mi dúró ní Arámọkọ àti Ìjerò kò jẹ́ kí n ráyè rìn mọ́. Wọ́n á ní, "Ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀. Wọ́n á tún ní, "Ṣé wọ́n ṣe ọ́ dáadáa?" Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè dáhùn lórí ìdúró, ni mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi lọ

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ ohun mímu kan n'Ìbàdàn. Ọmọ Odò-Ọwá ni mí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń dá gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí mi ò bẹ̀ ẹ́ tán pé kó wá bá mi gbé n'Ìbàdàn. Kíkọ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lè máa gbé ibi tí wọ́n ti ń ra ewédú lọ́jà.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ dá ilé iṣẹ́ agolo sílẹ̀ lọ́nà Arámọkọ, mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì gbà mí. Àmọ́ àdéhùn kan wà níbẹ̀. Pólàńdì ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ náà, mo sì gbọ́dọ̀ lọ lo oṣù mẹ́ta nílé iṣẹ́ kan níbẹ̀, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀rọ tó ń kó agolo láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é dé ibi tí wọ́n ti ń dì í. Ìdánwò wà ní ìparí rẹ̀. Bí mo bá yege, èmi ni olórí ibẹ̀, n ó sì máa ti ilé bàbá mi jáde lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí mo bá fìdí rẹmi, wọ́n á fi òyìnbó kan síbẹ̀, èmi á sì padà s'Ìbàdàn. Kò sí ohun mìíràn tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà ju pé kí n lè máa sun ilé bàbá mi nígbà tó ṣì wà láàyè.

Lọ́jọ́ tí mo lọ dágbére, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ẹ̀rọ, mo sọ ti òtútù, mo sọ ti ìdánwò. Nígbà tí mo sọ tán, ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ta á máa kí ọ láàárọ̀ níbẹ̀?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní èèyàn ló wà níbẹ̀ kẹ̀, kì í ṣe igbó. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ibi tí agolo ti ń fi orí rìn

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ágátà ló wá pàdé mi. Òun nìkan ló gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú ọ́fíìsì wọn. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní káàbọ̀, ó sì dákẹ́. Mo ń retí kó béèrè ọ̀nà, kó béèrè ilé, kó béèrè ará. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ń wa mọ́tò, èmi ń wo òjò dídì tó bo gbogbo oko wọn. Mo ń rò ó lọ́kàn pé kí ni mo fi ṣẹ obìnrin yìí tí a ò tíì pé wákàtí kan tí a mọra. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó mọ̀ pé ńṣe ló ń fún mi láyè kí n sinmi. Lọ́dọ̀ wọn, dídákẹ́ síni jẹ́ ara ìtọ́jú àlejò.

Yàrá kan lókè ilé oníbúrẹ́dì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Òórùn búrẹ́dì ló ń jí mi láàárọ̀, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan wà nílé tó ń se nǹkan fún mi, títí n ó fi rántí ibi tí mo wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà díẹ̀, ẹ má sì sùn lọ. Agolo tí ẹ ń jẹ tòmátì inú rẹ̀ tí ẹ ń jù sẹ́yìn ilé, páànù pẹlẹbẹ ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ kan á ká a, á jó etí rẹ̀ pọ̀, á tì í sórí bẹ́líìtì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo wá kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Agolo òfìfo fúyẹ́, atẹ́gùn lásán lè bì í ṣubú, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ rìn yí gbogbo ilé iṣẹ́ ká láì ha, láì tẹ̀. Wọ́n fi òòfà sẹ́yìn àwọn bẹ́líìtì kan. Agolo á lẹ̀ mọ́ ọn, á gun ògiri lọ sókè ṣánṣán, á gba abẹ́ òrùlé kọjá ní ìdorí-kodò, á sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Níbì kan, irin tí wọ́n lọ́ bí okùn ni ọ̀nà wọn. Agolo tó bá wọ ibẹ̀ ní ìdúró á jáde ní ìdùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù, irin mìíràn á sì tún gbé e dìde. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbójú sókè tí mo rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún agolo tó so rọ̀ bí àdán tí wọ́n sì ń sáré, mo gbàgbé pé òtútù ń mú mi.

Ariwo ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí ìgbà tí yìnyín bá ń rọ̀ sórí páànù ṣọ́ọ̀ṣì tí oníwàásù á fi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá ṣíwọ́.

Mo kí gbogbo èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ágátà ti kọ́ mi ní ìkíni wọn, mo sì ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, mo ń tẹrí ba, mo ń kí wọn. Ohun ìdítí wà létí gbogbo wọn. Ẹnì kan gbójú sókè wò mí, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún kí wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, àwọn agolo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrìn o," ni mo ń wí bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, nítorí mo fẹ́ kí ẹnu mi ṣì rántí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, mo máa ń pe bàbá mi lórí fóònù.

"Bàbá, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ọyẹ́ ti dé o."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ó dáa, ó dáa. Bá mi kí án níbẹ̀."

Àwọn èèyàn ibẹ̀ ló ní kí n bá òun kí, á sì pa á. Mo máa ń bínú sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ká má purọ́, mo máa ń bínú sí bàbá mi náà. Mo ń rò ó pé èmi tí mo ń jìyà yìí nítorí kí n lè wá bá a gbé, kò ráyè gbọ́ ohùn mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọwọ́ òsì

Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni Pán Yúrẹ̀kì. Pán ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ ọkùnrin tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ọdún tó kù fún un lẹ́nu iṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ, ariwo agolo sì ti jẹ etí rẹ̀ tipẹ́. Ojú ló fi ń gbọ́ràn. Bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á tẹjú mọ́ ètè onítọ̀hún, á wá fèsì bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí agolo ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ni èmi àti òun ń ṣọ́. Èmi dúró, òun jókòó lápá òsì mi. Lápá ọ̀tún mi ni bọ́tìnnì pupa wà, èyí tó lè dá gbogbo bẹ́líìtì dúró lẹ́ẹ̀kan. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì. Bí agolo kan bá ṣubú níbi ìyípo, níbi tí ọ̀nà wọn ti yí, kí o tó ṣẹ́jú, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti gun ara wọn. Ọwọ́ òsì ni n ó sì fi máa mú agolo kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n ó nà án sí Pán Yúrẹ̀kì, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tẹ̀, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀yin náà ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀. Bàbá tó tó bí mi lọ́mọ, kí n na ọwọ́ òsì sí i?

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fi ọwọ́ òsì gbé omi fún bàbá mi lẹ́ẹ̀kan nínú oko, nítorí pé àdá wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kò bú mi, kò sì nà mí. Ńṣe ló ń wo ibòmíràn. Mo na ife náà títí apá mi fi ń gbọ̀n, títí omi fi ń ta sílẹ̀, títí mo fi mọ ohun tí mo ṣe tí mo ju àdá sílẹ̀. Ìgbà náà ló tó gba omi, ó sì mu ún tán. Láti ọjọ́ náà ni apá mi ti mọ ohun tó yẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi òsì mú agolo, mo ń gbé e bọ́ sí ọ̀tún, mo ń tẹ̀ ba díẹ̀, mo ń fi fún Pán Yúrẹ̀kì. Mo rò pé inú rẹ̀ á máa dùn pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni mí. Inú rẹ̀ kò dùn. Á na ọwọ́ sí bọ́tìnnì, á gbá ọwọ́ òsì ara rẹ̀ pá pé èyí ni kí n máa lò, ojú rẹ̀ á pọ́n. Mo máa ń ní ó dáa. Mo máa ń gbìyànjú. Bí ọwọ́ òsì mi bá ti ń sún mọ́ ojú àgbà yẹn, ọ̀tún á ti wá gbà á kí n tó mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì láti fi agolo fún un, agolo kan ṣubú níbi ìyípo, kí n sì tó yíjú padà, agolo ti kún ọ̀nà, wọ́n ti ń ya dà sílẹ̀ láti òkè, wọ́n ń yí gbirigbiri kiri abẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Pán Yúrẹ̀kì ló na ara rẹ̀ kọjá mi tó tẹ bọ́tìnnì náà. Gbogbo ilé iṣẹ́ dákẹ́ lọ gbári. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ìdákẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, gbogbo wọn ló sì ń wò mí.

Ágátà sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì. "Kí ló dé tí o máa ń gbé ọwọ́ kúrò? Wọ́n ti sọ fún ọ. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, wọn ò ní fún ọ níwèé."

Báwo ni n ó ṣe sọ fún obìnrin yìí pé ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi ba agolo wọn jẹ́? Mo ní àṣìṣe ni.

Ẹnu ọ̀nà

Níbi tí a ti ń jẹun, tábìlì èèyàn mẹ́rin ni èmi nìkan ń jókòó sí. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sì sẹ́ni tó wá. Wọ́n ní ewébẹ̀ kan tó kan bí ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní pòtétò ní gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà se é. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń rò ó pé ní báyìí wọ́n ń gúnyán lágbàlá wa.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín yóò ṣe ni mo pinnu láti ṣe. Mo fẹ́ lọ bẹ Pán Yúrẹ̀kì nílé rẹ̀. Ká ní ilé ni, n ó wá àgbà kan tí yóò sìn mí lọ bá a. Níbẹ̀, ta ni mo mọ̀? Mo gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ Ágátà, mo ra búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé, mo wọ aṣọ Ìsinmi mi, mo fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ nínú òjò dídì.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Mo tẹrí ba débi tí orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i, ọ̀tún gidi, láti ìta tí èmi wà sínú ilé tí òun wà.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ó sì ń sọ nǹkan tí mi ò gbọ́.

Mi ò dúró gbọ́ mìíràn. Mo gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo yí padà, mo ń lọ. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, mi ò bojú wẹ̀yìn. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún, mo sunkún ní títì ibẹ̀, omi náà sì tutù lójú mi kó tó dé àgbọ̀n. Nígbà tí mo dé yàrá, mo pe bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ó ti sú mi." Ó ní, "Ó dáa, ó dáa." Ó sì pa á.

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé sùn. Ta á máa kí ọ láàárọ̀ níbẹ̀? Kò sẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ágátà àti Pán Yúrẹ̀kì wá bá mi níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ.

Ágátà ní, "Pán Yúrẹ̀kì ní kí ló dé tí o sá?"

"Èmi sá? Ó kọ ọwọ́ mi."

Ágátà túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá.

"Ó ní ńṣe ni òun ń sọ pé kí o kọ́kọ́ wọlé. Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í bọ ara wa lọ́wọ́ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ń fa ìjà. Ẹni tó wà níta gbọ́dọ̀ wọlé, tàbí kí onílé jáde sí i. Ó ní ọbẹ̀ wà lórí iná. Ó ní òun ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ títí ilé fi tutù, ìyàwó òun sì bá òun jà."

Ẹnu yà mí. Gbogbo ẹkún yẹn, gbogbo òtútù yẹn, èèwọ̀ ẹnu ọ̀nà ló fà á. Mo rí i pé bí wọ́n bá lè ní èèwọ̀ ọwọ́ tiwọn, wọ́n lè gbọ́ tèmi. Ni mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti ọwọ́ òsì, mo sọ ti àgbà, mo sọ ti ife omi tí mo nà nínú oko títí apá mi fi ń gbọ̀n.

Pán Yúrẹ̀kì gbọ́ ọ láti ẹnu Ágátà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé tí ọwọ́ ọ̀tún èèyàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́, kí là ń ṣe nílé wa?

Mo ní, "A máa ń bẹ̀bẹ̀ ni. A máa ń ní, 'Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni.'"

"Ó ní kí o máa bẹ òun, nígbà náà," ni Ágátà wí. "Kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ má sì kúrò."

Mo ní ṣé inú ariwo yẹn ni? Bàbá náà fi ìka kan ètè rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló kọ́ mi bí àwọn àgbà ilé iṣẹ́ wọn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kọjú sí ẹni náà kí o tó la ẹnu. Má pariwo, torí igbe ń ba ètè jẹ́. Má yára. Ohùn kò pọn dandan rárá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Mo fi òsì na agolo sí i, ọ̀tún mi wà lórí bọ́tìnnì, mo kọjú sí i, mo fi ètè sọ ọ́ ní Yorùbá láìsí ohùn: ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni. Á wo ẹnu mi, á mi orí pé ó dáa, á gbà á. Ní gbogbo agolo. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ètè tirẹ̀ náà ti ń jó bí mo bá na ọwọ́, ó ń bá mi sọ ọ́. Láàárọ̀, kí ẹ̀rọ tó gbéra, mo ń fi ètè kí i, ó sì ń fi ètè dáhùn. Ẹnì kan ń kí mi wàyí. Mi ò kí agolo mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe mí bí ẹni pé mo já wọn kulẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fa apá aṣọ mi wọ inú ilé rẹ̀ kó tó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sè kan lẹ́nu. Ìyẹ̀fun tí wọ́n rẹ sómi títí tó fi kan ni wọ́n fi sè é, wọ́n fi ẹyin sísè sí i. Mo tọ́ ọ wò, omi ògì ni mo rí lẹ́nu mi. Mo mu àwo mẹ́ta. Obìnrin náà rò pé ebi ló ń pa mí, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un.

Mo yege ìdánwò náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò kúrò. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Pán Yúrẹ̀kì fún mi ní agolo kan tí wọn ò tíì tẹ nǹkan sí lára, tó ń dán, tí kò ní ìtẹ̀ kankan. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi, ó sì bẹ̀ mí pẹ̀lú ètè rẹ̀.

Odò-Ọwá

Láti Ìtàwúré ni ara mi ti ń yá gágá. Ọyẹ́ bo àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n tí èèyàn ò fi rí orí wọn. Ní Arámọkọ, wọ́n kí mi láti ibi tí mo ti ra omi dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀ mìíràn, wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ewu, ẹni tí kò mọ̀ mí rí béèrè ìyàwó mi. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé mo ń pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yára ṣe é.

Ìyá Sàkíràtù, ará Ìkìrun tó ti ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ló kọ́kọ́ rí mi. Nígbà tó kí mi tán, ó fa ojú ro.

"Bàbá yín ti ń gbéra ga o. A ó kí wọn láàárọ̀, wọn ò ní dáhùn. Ó ti sú àwọn mìíràn, wọn ò yà kí wọn mọ́. Ẹ bá wa bi wọ́n, kí la fi ṣẹ̀ wọ́n?"

Mo ní n ó bi wọ́n. Ọkàn mi ti ń gbóná sí bàbá mi kí n tó dé àgbàlá.

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi ọwọ́ tú kòkó tó sá sórí ẹní. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá, mo ti dé o." Ó ń tú kòkó. Mo tún un sọ pẹ̀lú ohùn òkè. Ó ń tú kòkó. Mo wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, àyà mi nínú eruku, ó ṣe mí gan-an bí àárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn láàárín àwọn tó fi nǹkan dí etí.

Mo dìde, mo yí lọ síwájú rẹ̀. Ó ta gìrì, ojú rẹ̀ sì wá mọ́lẹ̀ kedere. Mo yára yọ agolo Pán Yúrẹ̀kì jáde nínú àpò, mo nà án sí i.

Ọwọ́ òsì ni. Oṣù mẹ́ta ti ba apá mi jẹ́. Ọ̀tún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mi, ó tẹ́jú sórí bọ́tìnnì tí kò sí níbẹ̀. Mo rí i tí bàbá mi wo ọwọ́ òsì náà, ojú rẹ̀ sì yí padà sí ojú ọjọ́ tí mo gbé omi fún un. Ẹ̀rù bà mí bí ọmọ kékeré. Kí n tó ronú, ètè mi ti ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe láìsí ohùn: ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni.

Ojú rẹ̀ kúrò lára ọwọ́ mi, ó bọ́ sára ètè mi.

"Éè ṣe nǹkan," ni bàbá mi wí, ó gba agolo náà. "Kí ni ọ̀tún rẹ í dì mú?"

Kò sí ohùn kankan tó jáde lẹ́nu mi, bàbá mi sì ti dá mi lóhùn.

Mo wá rántí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rántí fóònù ọjọ́ Ìsinmi, "ọyẹ́ ti dé," "ó dáa, ó dáa." Mo rántí bó ṣe ń wò mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo dágbére. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú kòkó. Mo kọjú sí i, mi ò yára, mi ò pariwo.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ìyá rẹ ó tó lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ọ̀ bá mú mi lọ Ìbàdàn."

Ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni, ǹ bá mú un lọ. Ó ń yí agolo náà lọ́wọ́, ó ń wá ìtẹ̀ lára rẹ̀, kò rí. Mo fi ètè bi í léèrè ìbéèrè tirẹ̀ fúnra rẹ̀, pé ta ló ń kí i láàárọ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ.

"Án kí mi," ló wí. "Èmi ni mi éè gbọ́."

Mo sọ fún un pé mo yege, pé ilé yìí ni n ó máa sùn. Ó ní kí n tún un sọ. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, mo sì tún un sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí mo fi lọ bá Ìyá Sàkíràtù, mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa dúró síwájú bàbá mi kó tó kí i, kó má pariwo. Ó sunkún, ó wá ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jáde lọ sí ọ̀nà Arámọkọ, mo rọra lọ dúró síwájú àga rẹ̀, mo dúró kó gbójú sókè, mo sì la ẹnu láti kí i pé ẹ káàárọ̀. Ó dáhùn kí n tó kí i tán.